Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Lámèyítọ́ Ọ̀rọ̀ Kẹ́mísírì Mẹ́ta Láti Oko Kòkó Ìdànrè

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu nígbà tí a bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí omi tí iyọ̀ mẹ́táàlì ti yòrò sí bá pàdé álíkálì. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni iyọ̀, ẹfun àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Oògùn bàbà tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó, irú èyí tí oko kòkó agbègbè Ìdànrè nílò ní àsìkò òjò, ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtumọ̀ inú ìwé nìkan kò tó láti fi mọ ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò mú kí ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ ṣe ni ó yẹ kí a wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kò yege, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ fín sára èso ni ó ń sọ fún un pé kí ó dànù.

1. Ìfáárà

Òkè ni ó sọ Ìdànrè di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orí òkè ni àwọn ará ìlú náà gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè ni ohun tí ń bọ́ ìlú wà, kòkó sì ni ohun náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí ó ń mú kòkó wá jù ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Ìdànrè sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn agbègbè tí ń mú kòkó náà wá.

Ibi tí kòkó bá ti fẹ́ràn ọ̀rinrin, ọ̀tá kòkó fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tí abẹ́ igi kò sì gbẹ, àmì dúdú kékeré kan á yọ lára èso kòkó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, á gba gbogbo ara èso náà, á sì wọ inú lọ bá hóró. Phytophthora ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ẹ̀dá tín-ńtín tí ń fa àrùn yìí. Ní ọdún 1979 ni Brasier àti Griffin ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ láàárín wọn, tí wọ́n pè é ní Phytophthora megakarya. Òun ni ó ń ba kòkó jẹ́ jù ní Nàìjíríà. Kí ó tó di ìgbà náà, Phytophthora palmivora ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi.

Oògùn tí a mọ̀ sí àrùn yìí pẹ́ ju ìmọ̀ nípa ẹ̀yà rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1882, Millardet, onímọ̀ nípa ewéko ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé àwọn igi àjàrà tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò ní àrùn tí ń pa àwọn tí ó wà láàárín ọgbà. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn àgbẹ̀ ti po kọ́pà súlféètì mọ́ láìmù, wọ́n sì ti wọ́n ọn sára àjàrà ẹ̀bá ọ̀nà kí àwọn tí ń kọjá má baà jí i jẹ. Ní ọdún 1885 ni ó kéde àbájáde ìwádìí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ ìlú Bordeaux ti lẹ̀ mọ́ àpòpọ̀ náà. Ẹ̀dá tí ń pa àjàrà yẹn àti èyí tí ń pa kòkó bá ara wọn tan, ìdí nìyí tí oògùn ọ̀kan fi ń ran èkejì. Àpòpọ̀ yìí wà lára àwọn oògùn tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún oko kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé, nígbà tí àgbẹ̀ bá ń po oògùn náà, iṣẹ́ kẹ́mísírì gan-an ni ó ń ṣe. Iṣẹ́ náà ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ń ṣe nínú ìdánwò WAEC nígbà tí ó bá ń kán sódíọ́mù háídírọ́sáìdì sínú omi tí a kò sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó há sórí. Àgbẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni a ní fún un, irú iṣẹ́ wo ni wọ́n sì ń ṣe? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn.

2. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi

A kò lè ṣe lámèyítọ́ orúkọ láìmọ ohun tí a ń sọ lórúkọ. Kọ́pà súlféètì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù. Bí a bá dà á sínú omi, yóò yòrò tán. Omi náà á di búlúù, ṣùgbọ́n á mọ́ gaara débi pé a lè rí ìsàlẹ̀ ike. Láìmù tí a ti fi omi pa, èyí tí í ṣe kálísíọ́mù háídírọ́sáìdì, ni álíkálì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń yòrò, ìyókù á sì sọ omi di funfun bí omi ògì.

Bí a bá ń da omi kọ́pà sínú omi láìmù díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń rò ó, ohun tuntun kan á yọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú sánmà, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Nínú yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé, níbi tí a ti ń lo sódíọ́mù háídírọ́sáìdì, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere jù báyìí lọ, nítorí pé omi méjèèjì mọ́ gaara kí wọ́n tó pàdé. Ohun tí ó yọ kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Èérún bàbà ń rìn kiri nínú omi kìíní, èérún háídírọ́sáìdì ń rìn kiri nínú èkejì. Nígbà tí wọ́n pàdé, wọ́n dì mọ́ ara wọn débi pé omi kò lè yà wọ́n mọ́. Báyìí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń kọ ọ́ ní ṣókí:

CuSO₄ + Ca(OH)₂ → Cu(OH)₂ + CaSO₄

Nínú oògùn kòkó fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà díjú ju èyí lọ, nítorí pé súlféètì kan máa ń wà nínú ohun tí ó dì náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlà yìí tó fún ohun tí a ń wá.

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni kílò kan kọ́pà súlféètì, kílò kan láìmù àti ọgọ́rùn-ún lítà omi. Bí a bá fi ìṣirò kẹ́mísírì wò ó, nǹkan bí gíráàmù 74 láìmù ni gíráàmù 250 kọ́pà súlféètì nílò. Èyí fi hàn pé láìmù inú ìlànà yìí ju ohun tí ó pọn dandan lọ dáadáa. Ó nídìí. Bàbà tí kò bá tíì dì, tí ó ṣì yòrò nínú omi, máa ń jó ewé àti èso. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àgbẹ̀ pé kí ó ki ọ̀bẹ irin tí ó mọ́ bọ inú àpòpọ̀ náà. Bí ọ̀bẹ bá pọ́n, bàbà ṣì wà lómìnira nínú omi, kí ó fi láìmù kún un. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé kí ó má ṣe lo garawa onírin. Irin á gba ipò bàbà, bàbà á sì lẹ̀ mọ́ ara garawa dípò kí ó lọ sára kòkó.

Ohun tí ó dì yìí gan-an ni oògùn. Nítorí pé kò yòrò, òjò kì í tètè wẹ̀ ẹ́ kúrò lára èso. Á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, á sì máa tú bàbà sílẹ̀ ní ìwọ̀nba kékeré tí ó tó láti pa irúgbìn àrùn tí ó bá bà lé e, tí kò sì tó láti jó èso. Bí ó bá yòrò, òjò àkọ́kọ́ ni yóò kó o lọ. Bí ó bá dúró títí di ọjọ́ kejì nínú ike, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní lẹ̀ dáadáa mọ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a fín in ní ọjọ́ tí a pò ó, kí a sì máa rò ó títí tí yóò fi tán. Bí a bá dákẹ́ ríròó, á rọ̀ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tánkì.

3. Iyọ̀ àti ẹfun

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Nínú kẹ́mísírì, iyọ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ nìkan. Gbogbo ohun tí a bá rí nígbà tí ásíìdì àti álíkálì bá pa agbára ara wọn, tí mẹ́táàlì sì dúró nínú rẹ̀, iyọ̀ ni. Kọ́pà súlféètì jẹ́ iyọ̀ lọ́nà yìí. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìfẹ̀lójú ìtumọ̀, kò sí àbùkù nínú pé kí a pè é ní iyọ̀ bàbà. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀, èdè púpọ̀ sì ti tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yóò gbé ṣe kókó. Nínú ìwé kíláàsì, níbi tí olùkọ́ wà láti ṣàlàyé, iyọ̀ bàbà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Lára àpò tí ó wà ní abà, níbi tí a ti ń dáná, tí ọmọdé sì ń gbé, ọ̀rọ̀ náà léwu. Kọ́pà súlféètì jẹ́ májèlé bí ènìyàn bá jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń pe májèlé ní orúkọ ohun tí a ń fi sínú ọbẹ̀ kò yẹ lára àpò. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí iyọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú orúkọ mẹ́táàlì rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó má sì sí lára àpò oògùn. Kọ́pà súlféètì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ nílé ìtajà dára jù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹfun. Ó rọrùn láti mọ ìdí tí ẹfun fi máa ń wọ inú ìtúmọ̀ láìmù: méjèèjì funfun, méjèèjì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, a sì lè fi méjèèjì kun ògiri. Ẹni tí ó ń túmọ̀ láti ojú rí yóò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọwọ́ tí ó ń po oògùn yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Amọ̀ funfun ni ẹfun. Kì í ṣe álíkálì. Bí àgbẹ̀ bá po ẹfun mọ́ omi kọ́pà, omi náà á dọ̀tí, ṣùgbọ́n bàbà kò ní dì. Gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣì yòrò nínú omi, ohun tí yóò sì fín sára kòkó rẹ̀ yóò jó èso, òjò á sì wẹ ìyókù lọ. Àwọ̀ àpòpọ̀ náà lè tàn án, ọ̀bẹ irin nìkan ni kò ní tàn án.

Ohun tí ó dunni ni pé Yorùbá mọ álíkálì tipẹ́tipẹ́. Kán-ún tí a fi ń se ewédú jẹ́ álíkálì. Omi tí a sẹ́ láti inú eérú, tí aláró fi ń pa aró, tí ọlọ́ṣẹ sì fi ń se ọṣẹ dúdú, álíkálì ni. Ní agbègbè kòkó, èèpo kòkó tí a sun di eérú wà lára ohun tí ó dára jù fún ọṣẹ náà, nítorí pé pọ́táṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ Ìdànrè ní ohun tí álíkálì jẹ́, èèpo kòkó tí ń jó lẹ́yìn abà ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kì í ṣe pé kán-ún tàbí omi eérú lè rọ́pò láìmù nínú oògùn láìtún ìwọ̀n ṣe. A ń sọ pé ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹfun kò sì sí nínú ìdílé náà. Atúmọ̀ tí ó wo àwọ̀ ti kọjá lára ẹbí, ó lọ mú àlejò.

4. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó fa iṣẹ́ yìí. Kí ni a ó pe ohun tí ó yọ nínú omi nígbà tí kọ́pà súlféètì pàdé láìmù, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní precipitate? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ síni lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni. Ó wà nínú èdè ojoojúmọ́, ó sì wà nínú Bíbélì Yorùbá, níbi tí Orín Dáfídì karùndínlọ́gọ́rin ti fi sọ ohun tí ó kù sí ìsàlẹ̀ ago wáìnì.

Àpẹẹrẹ inú Bíbélì yẹn gan-an fi ìṣòro ọ̀rọ̀ náà hàn. Àwọn ènìyàn búburú ni a ní kí ó mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Nínú Yorùbá, nǹkan mẹ́ta ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ pé ohun náà wà nísàlẹ̀. Ó ń sọ pé ó ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀ kí omi tó tòrò. Ó sì ń sọ pé kò wúlò: omi òkè ni a ń fẹ́, ìsàlẹ̀ ni a ń dànù. Ẹni tí ó bá pọn omi odò tí ó rú, tí ó jẹ́ kí ó tòrò, mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sínú tánkì oògùn kòkó. Ti àkọ́kọ́: kò yẹ kí ohun tí ó dì náà wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni láti rí i pé kò lọ síbẹ̀. Ti èkejì: kò sí nínú omi tẹ́lẹ̀, ìpàdé omi méjì ni ó bí i. Ti ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ní kí a dànù ni gbogbo agbára oògùn náà wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí a bá sọ fún pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò yọ nínú àpòpọ̀ rẹ̀ yóò ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ: yóò jẹ́ kí ó tòrò, yóò fín omi òkè, yóò sì da ìyókù sẹ́bàá odò. Òun nìkan kọ́ ni yóò pàdánù. Bàbà jẹ́ májèlé fún ẹja àti ìgbín inú odò.

Ẹni kan lè sọ pé àwọn àgbẹ̀ tí ń po oògùn fúnra wọn kò pọ̀ mọ́, oògùn inú àpò ni wọ́n ń rà. Òótọ́ ni pé oògùn inú àpò ti gbòde. Ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò yí padà. Kocide, fún àpẹẹrẹ, kọ́pà háídírọ́sáìdì ni èròjà rẹ̀. Ohun tí ó dì nínú omi ni, tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì dì sínú àpò. Nígbà tí àgbẹ̀ bá dà á sínú tánkì tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn, kò yòrò, kò sì yẹ kí ó yòrò. Ó kàn ń léfòó káàkiri inú omi ni. Bí kò bá rò ó, á rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sì gbà pé ohun tí ó rọ̀ sílẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìdajì owó rẹ̀ ti wọ inú igbó.

5. Níbo ni àṣìṣe náà ti wá?

A kò lè sọ pé àìmọ̀ ni ó bí i. Ìtúmọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti yẹ lọ ni. Láti inú Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá, ohun tí ó ń sọ sì ni ṣíṣubú lógèdèǹgbé láti òkè. Jámánì náà ń sọ pé Niederschlag, ohun tí a lù wálẹ̀. Inú ìgò gíláàsì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tí ó sọ ọ́ lórúkọ ti ń wò ó, bí ó sì ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀ ìgò ni ohun tí ojú wọn rí. Orúkọ tí wọ́n fún un sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ohun tí ó ṣe pàtàkì ti parí. Nígbà tí a túmọ̀ orúkọ náà sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ibi tí wọ́n dúró wò ó ni a túmọ̀, kì í ṣe ohun náà.

Ibì kan wà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti bá a mu. Bí a bá fi álọ́ọ̀mù sínú omi kànga tí ó rú, álọ́ọ̀mù náà, tí í ṣe iyọ̀ alumíníọ́mù, yóò pàdé álíkálì díẹ̀ tí ó wà nínú omi. Ohun kan tí ó rí bí òwú á dì, á gbá ìdọ̀tí mọ́ra, á sì gbé e lọ sísàlẹ̀. Omi òkè ni a ń fẹ́ níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni a ń dànù. Kẹ́mísírì kan náà ni ti kànga àti ti oko kòkó. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń dànù nínú ọ̀kan ni a ń fi pamọ́ nínú èkejì. Ọ̀rọ̀-ìperí tí yóò dúró fún méjèèjì kò gbọdọ̀ ti pinnu fún wa ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ohun tí ó yọ.

Àtakò kan wà tí ó lágbára. Ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí gbogbo èdè ń gbà dá ọ̀rọ̀-ìperí. Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì, fi ọ̀nà yìí àti àwọn mìíràn sọ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá di ohun tí a lè fi Yorùbá kọ́ ní yunifásítì. Bí ìtumọ̀ àtijọ́ bá yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí, ṣé àyíká ọ̀rọ̀ kò ní tọ́ka sí èyí tí a ní lọ́kàn? Ta ni ó ń fẹ́ iná mànàmáná bí ẹni ń fẹ́ iná igi?

Ìdáhùn wa ni pé àyíká ọ̀rọ̀ lè gbani nígbà tí ìtumọ̀ méjèèjì kò bá pàṣẹ ohun tí ó tako ara wọn. Iná mànàmáná kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí yóò ba iná náà jẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pàṣẹ pé kí a dà á nù. Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, bí ọ̀rọ̀-ìperí kò bá péye tó, àríyànjiyàn ni yóò bí. Nínú oko, èso ni yóò rà.

6. Dì, àti ohun tí wàrà lè kọ́ wa

Kò yẹ kí lámèyítọ́ wó ilé láìtọ́ka sí ibi tí a ó sùn. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó sún mọ́ ohun tí a ń wá ju gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ. Òun ni dì. Ẹ̀kọ ń dì, ẹ̀jẹ̀ ń dì, epo ń dì nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni wàrà. Bí a bá kán omi ewé bọ́mubọ́mu sínú wàrà tútù tí a gbé kaná, á dì. Ohun funfun tí ó rọ̀ á yọ kúrò nínú omi. Omi ni a ń dànù, ohun tí ó dì ni a ń tà lọ́jà. Kẹ́mísírì inú rẹ̀ kì í ṣe ti bàbà àti láìmù, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ bá a mu: ohun olómi méjì pàdé, wọ́n bí ohun tí kò ṣe é fi ojú rí tẹ́lẹ̀, ohun náà sì níye lórí. Kò sẹ́ni tí ó ń pe wàrà ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Bí a bá sọ dì di ọ̀rọ̀-orúkọ lásán, wàhálà wà. Ìdì jẹ́ ẹrù tí a so pọ̀, idì jẹ́ ẹyẹ, ìdí sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìwé tí a kò fi àmì ohùn sí, gbogbo wọn á di ọ̀kan. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìdìlómi, láti inú dì àti lómi. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ohun náà wà nísàlẹ̀. Kò sọ pé ó wúlò, kò sì sọ pé kò wúlò. Ohun tí ó sọ ni pé nínú omi ni ó ti dì, èyí sì jẹ́ òtítọ́ nínú kànga, nínú tánkì àti nínú ìgò gíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ń kọ. Kọ́pà: ìdìlómi búlúù, tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí kò yòrò bí a tilẹ̀ fi sódíọ́mù háídírọ́sáìdì kún un. Irin onípele méjì: ìdìlómi aláwọ̀ ewé tí ó dọ̀tí. Irin onípele mẹ́ta: ìdìlómi tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí irin tí ó dógùn-ún. Síńkì àti alumíníọ́mù: ìdìlómi funfun, tí ó yòrò padà nígbà tí álíkálì bá pọ̀ sí i. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ni ìdánwò tí ó le jù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó yòrò padà ta létí. Ohun tí ó dì lè tú ká padà láìṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì.

Ìdìlómi náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí epo tí ó dì nígbà ọyẹ́ lè rò pé bí a bá gbé e kaná, yóò yọ́. Kọ́pà háídírọ́sáìdì kì í yọ́ lórí iná, ńṣe ni ó ń di dúdú. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi wàrà ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe epo. Àwọn mìíràn lè yàn láti yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí wọ́n sì fi àmì ohùn Yorùbá sí i. A kò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ àyálò kò kọ́ni ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà. Bí a bá ní kí a yàn láàárín òun àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àyálò ni a ó mú.

7. Ìkádìí

Ní ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìdìlómi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan látàrí èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba lè yí èdè kíláàsì padà, kò lè yí èdè abà padà. Òṣìṣẹ́ tí ó bá lọ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí ó ní ẹ̀ka ní Òwẹ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oògùn, Yorùbá tàbí ẹ̀ka-èdè ibẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú lọ ni ọwọ́ àgbẹ̀ yóò tẹ̀ lé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìgbìmọ̀ èyíkéyìí tí ó bá tún jókòó láti dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ yẹ kí ó bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan lẹ́yìn tí ó bá ti wo ìtumọ̀ rẹ̀: bí ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé bá gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, kí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe? Iyọ̀ yóò gba ìdáhùn kan nínú kíláàsì, yóò sì gba òmíràn lára àpò. Ẹfun kò ní yege nítorí pé ó mú àlejò wọlé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò ní yege nítorí pé oògùn ni ó ní kí a dànù. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ìdìlómi lọ, kí a mú un, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti lè mú kí àgbẹ̀ Ìdànrè ro tánkì rẹ̀ kí ó tó fín in.